Ewéko Igbó Tí Ó La Òkun Kọjá

Bí a bá dárúkọ ọ́kíìdì, ohun tí ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ wa ni èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ara igi bí àfòmọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú ẹbí náà tí kì í gun igi rárá. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn ni Oeceoclades maculata, ọmọ ìbílẹ̀ igbó Áfíríkà, tí igbó Nàìjíríà wà lára rẹ̀.

Abẹ́ òjìji, láàrin ewé tí ó ti ń jẹrà, ni ó fẹ́ràn. Ewé rẹ̀ nípọn, ó le, ó sì ní àmì tóótòòtó bí awọ òjòlá. Ẹni tí ó ń kánjú lè pè é ní ọ̀já ìkookò. Kí onítọ̀hún wo ìdí rẹ̀ dáadáa: yóò rí kókó kékeré tí ewé kọ̀ọ̀kan ti hù jáde, níbi tí ó ń tọ́jú omi sí de ọ̀gbẹlẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kéré, kò jọni lójú.

John Lindley, onímọ̀ ewéko ará Ìlú Ọba, pè é ní Angraecum maculatum ní 1821, kí ó tó fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí ní 1833. Ó ti dé Bràsíl ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó tàn dé àwọn erékùṣù Kàríbíà. Ní 1974 wọ́n rí i ní Florida.

Báwo ni ó ṣe rìn tó bẹ́ẹ̀? Hóró rẹ̀ dà bí eruku, afẹ́fẹ́ lè gbé e, ọkọ̀ pàápàá lè gbé e. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ gan-an wà nínú òjò. Ìdérí kékeré kan bo ohun akọ mọ́lẹ̀ nínú òdòdó náà. Bí ẹ̀kán òjò bá bà á, ìdérí yóò ṣí, ohun akọ yóò sì tẹ̀ wá sí ojú ibi tí abo ti ń gbà á. Kò dúró de kòkòrò! Nítorí náà, ẹyọ kan ṣoṣo lè di agbo. Kìkì pé hóró náà kò ní oúnjẹ nínú. Bí kò bá pàdé ẹ̀yà olú tíńtín inú ilẹ̀ tí yóò bọ́ ọ, kò lè hù.

Ní Florida, àjèjì tí ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Níhìn-ín tí ó jẹ́ onílé, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ta ni ń bojú wò ó? Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá fẹ́ràn láti jókòó nínú yàrá ṣẹ̀dá orúkọ fún gbogbo nǹkan. Ní tèmi, kí a kọ́kọ́ mú ewé yìí tọ àwọn ọdẹ àti àwọn adáhunṣe ní abúlé àyíká Ifẹ̀ lọ, kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.