Owó wà nínú lẹ́búlẹ́bú pákó: Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di èédú fún àwọn tó ń sun ẹran àti ẹja

Ẹni tó bá ń ta súyà tàbí ẹja sísun nílùú Ìwó, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mọ̀ pé èédú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú kéré mọ́. Bí owó àpò èédú bá ti gbéra sókè, èrè orí ẹran ló ń jẹ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìlagi nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń dáná sun òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó kí àyè lè gbà wọ́n.

Igi ni wọ́n fi ń ṣe èédú tí àwọn èèyàn mọ̀. Bí wọ́n bá bò ó mọ́ inú ilẹ̀ sun ní ìlànà àtijọ́, igi tó tó tọ́ọ̀nù 5 sí 10 ló ń bá a lọ kí tọ́ọ̀nù èédú kan tó jáde. Igbó ló ń san gbèsè náà.

Àwọn ará Jàpáànì ti wá ọ̀nà mìíràn tipẹ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ki lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ pọ̀ nínú ooru tó tó nǹkan bí 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì. Èròjà kan nínú igi náà á rọ̀, á sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di ọ̀pá tó ní ihò láàárín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sun ún di èédú. Ogatan ni wọ́n ń pè é, àwọn ilé oúnjẹ tó ń sun ẹran sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í ta pàrà, èéfín rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń pẹ́ lórí iná.

Ẹ̀rọ yẹn wọ́n, iná mànàmáná ló sì ń jẹ. Àmọ́ ọ̀nà tí apá oníṣòwò kékeré ká wà. Ẹ kó lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ sínú àgbá irin, ẹ lu ihò díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tanná sí i. Bí èéfín bá ti ń fúyẹ́, ẹ fi amọ̀ dí gbogbo ihò, kí ó sì tutù di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá kánjú ṣí i, eérú ni yóò bá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ pò ó. Sítáàṣì yìí ń sílẹ̀ sísàlẹ̀ omi tí àwọn tó ń ṣe gààrí ń fún dànù. Fún èédú lílọ̀ tó wọn kílò 100, sítáàṣì gbígbẹ kílò 5 sí 10 tó, kí ẹ sè é bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ fi ẹ̀rọ ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà rèé. Bí wọ́n bá gbá lẹ́búlẹ́bú nílẹ̀, iyanrìn á wọ inú rẹ̀, eérú á pọ̀, iná á sì kú. Ẹ tẹ́ tapólì sábẹ́ ayùn. Bí ó bá tutù, èéfín ni yóò máa rú, ẹja oníbàárà á sì máa kan èéfín. Ẹ má ṣe gba lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n kùn lọ́dà, tí wọ́n fi oògùn pa kòkòrò rẹ̀ tàbí tí gáàmù wà lára rẹ̀, nítorí oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ fi sun.

Kí ẹ tó tà á, ẹ fún oníṣòwò kan ní ẹrù díẹ̀, kí ó sun ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú tó ń rà tẹ́lẹ̀. Ẹ wo iye wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ́ àti eérú tó kù. Ẹ ṣírò owó sítáàṣì, àpò, ọkọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ kí ẹ tó dá iye lé e. Ẹ sì kìlọ̀ fún oníbàárà pé kò gbọdọ̀ sun èédú kankan nínú yàrá, nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tí kò ní òórùn lè pa èèyàn.

Àgbá kan ṣoṣo tó láti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.