Ẹ fẹ́ kó kúrò l'Ékòó? Ẹ bi kànga léèrè kí ẹ tó bi onílé

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn ayálégbé Èkó: ibo la lè kó lọ? Àwọn kan ń dárúkọ Ìbàdàn, àwọn kan Abẹ́òkúta, àwọn mìíràn ní Ṣágámù tàbí Ìlọrin. Owó ilé ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń wọn gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé owó tí kò gba yàrá méjì ní Sùúrùlérè lè gba odidi ilé láwọn ìlú yìí. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń san owó ilé. Omi, iná àti ọkọ̀, ojoojúmọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ yín yóò máa pè yín padà s'Ékòó? Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́, ẹni tó kó lọ sí Mowé, Ìbafò tàbí Arépo kò tíì kó kúrò l'Ékòó. Lóòótọ́, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni àwọn àdúgbò náà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń jáde sí láàárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ kì í sì í bèèrè ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti wá. Owó tí wọn kò san fún onílé mọ́, awakọ̀ ni yóò gbà á.

Ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, tí kì í lọ s'Ékòó ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, yàtọ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èbúté Mẹ́ta sí Mọníyà n'Íbàdàn, kìlómítà 157, ó sì ń dúró l'Ábẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n Mọníyà kì í ṣe Dùgbẹ̀ láàárín ìlú o, ìrìn àjò mìíràn ló wà láàárín wọn. Ọkọ̀ náà kò sì pọ̀ lóòjọ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé, gáréèjì ló ń lọ.

Omi ló yẹ kó gbà wá lákòókò jù, nítorí òun ni ará Èkó kì í rántí bèèrè. Èkó àti Ọ̀tà wà lórí ilẹ̀ tí iyanrìn àti amọ̀ tò lé ara wọn lórí. Omi òjò ń rì sínú iyanrìn náà, á sì dúró síbẹ̀ bí ìgbà tó wà nínú kànrìnkàn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gbẹ́ bóhóòlù l'Ékòó fi sábà máa ń kan omi, bí iyọ̀ tilẹ̀ lè wà nínú ti etí òkun. Téèyàn bá ti kọjá Ewékorò tó ń sún mọ́ Abẹ́òkúta, ilẹ̀ yí padà. Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin, orí àpáta ni gbogbo wọn jókòó lé. Àpáta Olúmọ l'Ábẹ́òkúta kàn yọ orí síta ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ ilé onílé káàkiri.

Àpáta tó dì kì í mu omi. Inú erùpẹ̀ tó jẹrà lára àpáta, àti ojú ibi tó ti sán, ni omi ń sá pamọ́ sí. Nítorí náà, bóhóòlù ẹnì kan lè máa tú omi tọ̀sán-tòru, kí ti aládùúgbò rẹ̀ lódìkejì títì má mú nǹkan jáde ju eruku lọ. Kí àwọn onímọ̀ tó gbẹ́ ẹ, wọ́n á gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n á fi méjì rán iná gba inú ilẹ̀, wọ́n á sì fi méjì yòókù wo bí ilẹ̀ ṣe ń dènà rẹ̀ sí. Iná kì í rọrùn gba inú àpáta gbígbẹ kọjá, àmọ́ ó máa ń yára gba ibi tó bá tutù. Ṣùgbọ́n amọ̀ náà ń gbé iná, ó sì lè tàn wọ́n jẹ.

Kànga tó kún nínú oṣù Kẹsàn-án kò tíì jẹ́rìí kankan. Oṣù Kejì tàbí Kẹta ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ má bi onílé, a ti mọ ohun tí yóò sọ. Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá.

Omi tó bá sì pọ̀ jù, ewu ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá wó afárá n'Íbàdàn, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100. Àwọn àgbà ìlú kò sì gbàgbé àkúnya odò Ògùnpa ti ọdún 1980. Bí owó ilé kan bá dínkù gan-an sí ti èyí tó wà lókè rẹ̀, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ ògiri wò bóyá omi ti fàlà síbẹ̀ rí.

Ní ti iná, ẹ má bèèrè ìlú, ẹ bèèrè Band. NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, ló pín oníbàárà sí A títí dé E: wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́ ni ti A, mẹ́rin ni ti E. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó Band A fò láti náírà 68 sí 225 lórí ìwọ̀n iná kan (kWh). Àdúgbò méjì tó fara kanra lè má sí lórí Band kan náà.

Ẹni tó ní arúgbó tàbí aláìsàn nílé mọ̀ pé ilé ìwòsàn ńlá kì í ṣe ohun à ń jìnnà sí: UCH ń bẹ n'Íbàdàn, FMC ń bẹ ní Ìdí-Àbà l'Ábẹ́òkúta.

Ilẹ̀ rírà ń kọ́? Ẹ fà á sẹ́yìn ná. Òfin ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, síbẹ̀ ọmọ onílẹ̀ ṣì ń tà á fún èèyàn méjì. Ẹ yálé gbé títí òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan yóò fi kọjá lórí yín níbẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ pe sọ́fíyọ̀, kó lọ wò ó lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ bóyá wọn kò ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà, kí kọ́bọ̀ yín tó kúrò lápò.