Iná ìdáná wà nínú ìgbẹ́ màlúù

Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, òórùn ìgbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin tí wọ́n ń dà sódò yìí, iná ìdáná wà nínú rẹ̀.

Wọn yóò po ìgbẹ́ náà mọ́ omi, wọn yóò sì dà á sínú táńkì tí wọ́n dé pinpin. Afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣiṣẹ́ náà kò fẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ìgbẹ́ náà ni gáàsì methane ń jáde. Iná rẹ̀ kì í rú èéfín bíi ti igi, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìyá wa jẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù, ajílẹ̀ ni.

Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, lórílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ń lo ọgbọ́n yìí ní iléeṣẹ́ Songhai, tí àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ lọ́dún 1985.

Lóòótọ́, igi náà lè hù padà, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ló ń gbà; ẹni tó ń gé e láìgbin òmíràn kò lè pè é ní agbára tí kì í tán. Màlúù ní tirẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń yàgbẹ́.

Owó táńkì ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Táńkì ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ jò, nítorí methane tó bá bọ́ sí òfuurufú ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide lọ fíìfíì.