Ojú Kan fún Ènìyàn Méjì: Ẹjọ́ Bhawal àti Fíìmù Ek Je Chhilo Raja

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni àkọlé fíìmù Ek Je Chhilo Raja, ìbẹ̀rẹ̀ àlọ́ sì ni ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí apàlọ́ tiwa ṣe máa ń sọ pé ọba kan wà láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Bengal ṣe máa ń fi irú gbólóhùn yìí ṣí ìtàn fún ọmọdé. Srijit Mukherji ni ó darí fíìmù náà. Ó jáde ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018, ó sì gba ẹ̀bùn orílẹ̀-èdè Íńdíà fún fíìmù tí ó dára jù lọ ní èdè Bengali. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àlọ́. Ẹjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi ni, ẹjọ́ tí wọ́n pè ní 1930 tí kò parí títí di 1946, tí ìbéèrè inú rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọkùnrin tí ó dúró níwájú adájọ́ yìí ni ọmọ olóyè tí wọ́n ní ó kú ní 1909, àbí ẹlòmíràn ni?

Fíìmù náà yí orúkọ padà. Bhawal di Bikrampur, Ramendra Narayan Roy di Mahendra Kumar Chaudhuri, Bibhabati ìyàwó rẹ̀ di Chandrabati. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé kóòtù ni n ó máa lò níhìn-ín, àfi níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan fíìmù fúnra rẹ̀. Èrò mi ni pé fíìmù náà ti dáhùn ìbéèrè òkè yìí kí ẹlẹ́rìí kankan tó la ẹnu, àti pé ọ̀nà tí ó gbà dáhùn rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ.

Kí a tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ raja gba àlàyé. Bí a bá tú u sí ọba, olùkàwé Yorùbá yóò máa retí adé, afọbajẹ, àti Ifá tí a dá kí a tó mọ ẹni tí oyè tọ́ sí. Kò sí èyí ní Bhawal. Zamindar ni ìdílé náà, ìyẹn onílẹ̀ ńlá tí ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí ó sì ń san iye owó kan pàtó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ètò tí wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní Bengal ní 1793. Oyè raja jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ìjọba amúnisìn fi ń dá irú onílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́lá. Raja Rajendra Narayan Roy kú ní 1901, ó sì fi ọmọkùnrin mẹ́ta sílẹ̀ ní Jaidebpur, nítòsí Dhaka. Kumar ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ramendra ni ó ṣe ìkejì, ọdún 1884 ni wọ́n sì bí i. Ohun tí wọ́n wá ń jà lé lórí ní kóòtù kì í ṣe ìtẹ́ rárá. Ìdá kan nínú mẹ́ta ogún ilẹ̀ ni. Ojú tí àwọn àgbẹ̀ fi wò ó yàtọ̀ sí ti òfin, ó sì jọ pé ojú tiwọn ni ó jẹ́ kí àkọlé fíìmù náà bá ìtàn mu.

Ní oṣù Igbe ọdún 1909, Ramendra lọ sí Darjeeling, ìlú orí òkè tí atẹ́gùn rẹ̀ tutù, láti tọ́jú ara rẹ̀. Àrùn ìbálòpọ̀ tí ó ti pẹ́ lára rẹ̀ ti di egbò. Ìyàwó rẹ̀ bá a lọ, Satyendranath Banerjee, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, bá a lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni Ashutosh Dasgupta, dókítà ìdílé náà. Ní oṣù Èbìbí wọ́n kéde pé ó ti kú. Dókítà Calvert, òyìnbó tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba níbẹ̀, fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ikú, owó ìbánigbófò sì jáde. Bibhabati wọ aṣọ funfun opó, ó sì padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ramendra kú ní 1910, àbúrò rẹ̀ kú ní 1913. Opó mẹ́ta ni ó kù, ẹ̀ka ìjọba tí wọ́n ń pè ní Court of Wards sì gba àkóso gbogbo ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ọdún 1920 ń parí lọ tí 1921 ń wọlé, àwọn ènìyàn Dhaka bẹ̀rẹ̀ sí í rí sannyasi kan tí ó jókòó sí ẹ̀bá odò Buriganga, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Buckland Bund. Ẹni tí ó ti kọ ayé sílẹ̀ ni sannyasi; irun rẹ̀ ti di dàda, eérú ni ó fi para. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pé ó jọ Kumar kejì. Wọ́n mú un dé Jaidebpur. Jyotirmayi, arábìnrin Ramendra, wò ó, ó sunkún, ó sì gbà á sílé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Èbìbí 1921, níwájú èrò púpọ̀, ó dárúkọ ara rẹ̀: Ramendra Narayan Roy. Ohun tí ó rò fún wọn ni pé wọ́n gbé òun lọ sí ibi ìsunkú ní òru, òjò ńlá dé, àwọn tí ó gbé òun sá lọ, àwọn sannyasi tí ó wà nítòsí sì rí i pé òun ṣì ń mí. Ó ní ọdún púpọ̀ kọjá tí òun kò fi mọ ẹni tí òun jẹ́.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí Lindsay, òyìnbó tí ó jẹ́ olórí ìjọba ní àgbègbè Dhaka, fi ìkéde síta ní ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù. Ó ní ẹ̀rí tí ó dájú wà lọ́wọ́ ìjọba pé wọ́n ti sun òkú Kumar ní Darjeeling, pé ayédèrú ni sannyasi yìí, àti pé àgbẹ̀ tí ó bá san owó fún un, orí ara rẹ̀ ni ó sàn án lé. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn olùṣàlàyé kan ti kà á sí lọ. Ìjọba tí ń gba owó orí ilẹ̀ náà ni ó ṣèdájọ́ lórí ẹni tí ó ni ín, láìsí ẹlẹ́rìí tí a bi léèrè ní gbangba.

Ní 1930 sannyasi pe ẹjọ́. Adájọ́ Pannalal Basu bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ ní Dhaka ní òpin 1933. Ọjọ́ 608 ni wọ́n fi jókòó. Ẹlẹ́rìí 1,069 sọ̀rọ̀ fún olùpẹjọ́, 479 sì sọ̀rọ̀ fún olùjẹ́jọ́. Wọ́n yẹ ara ọkùnrin náà wò láti orí dé ẹsẹ̀: irun tí ó pọ́n díẹ̀, ojú tí kò dúdú bí ti ọ̀pọ̀ ará Bengal, eyín tí ó kán, àpá ọrùn ẹsẹ̀ òsì, awọ ẹsẹ̀ tí ó rí bí ìpẹ́ ẹja, bàtà nọ́ńbà 6. Gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n fi wé ohun tí àwọn ènìyàn rántí nípa Ramendra. Ẹ kíyè sí i pé ìrántí ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi wé e, ìrántí tí ó sì ti lé ní ogún ọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù fún onímọ̀ èdè ni ti ohùn. Nígbà tí sannyasi kọ́kọ́ dé, èdè Hindi ni ó ń sọ, Bengali tí ó sì sọ lẹ́yìn náà lọ́ lẹ́nu. Àwọn olùjẹ́jọ́ ní kò sí ohun tí ó tún kù láti wádìí, ará Punjab ni. Olùpẹjọ́ ní ẹni tí ó bá bá àwọn elédè mìíràn rìn fún ọdún méjìlá, ahọ́n rẹ̀ kò ní rí bí ó ti rí. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwé kíkà dé, ó sì mú ẹ̀rín wá díẹ̀. Kí wọ́n lè fi hàn pé ọkùnrin tí ó wà lójú agbo kò mọ nǹkan kan, àwọn olùjẹ́jọ́ ní láti yin òkú: wọ́n ní Ramendra kàwé, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ eré ìdárayá àwọn òyìnbó. Adájọ́ kò gbà. Lójú tirẹ̀, ọmọ olówó tí ó fẹ́ràn ọdẹ àti fàájì ju ìwé lọ ni Ramendra, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ju bí a ti ń kọ orúkọ ara ẹni lọ. Àìmọ̀wé tí ó yẹ kí ó ba sannyasi jẹ́ wá di ẹ̀rí fún un. Ní oṣù Ògún 1936, nínú ìdájọ́ olójú-ewé 532, Basu ní òun ni Kumar.

Bibhabati kò yí ohùn padà. Láti 1921 títí dé òpin, ó ní ọkùnrin yìí kì í ṣe ọkọ òun. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń sọ ìtàn yìí máa ń tò ó mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ẹni pé kò ní ẹnu tirẹ̀. Kóòtù lè sọ pé ilẹ̀ jẹ́ ti olùpẹjọ́. Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ti sọ opó di ìyàwó ẹni tí opó náà ní òun kò mọ̀ rí. Arábìnrin mọ̀ ọ́n, ìyàwó kò mọ̀ ọ́n, òfin sì tẹ̀lé arábìnrin. Nínú fíìmù, Jaya Ahsan, òṣèré ọmọ Bangladesh, ni ó ṣe arábìnrin yìí, ó sì ṣe é dáadáa débi pé omijé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdájọ́. Mukherji tún fi obìnrin, Aparna Sen, sí ipò agbẹjọ́rò kan, kí ó dojú kọ Anjan Dutt. Ọkùnrin ni agbẹjọ́rò àgbà méjèèjì nínú ẹjọ́ gidi. Mo rí ìyípadà yìí bí ọ̀nà láti jẹ́ kí ohùn obìnrin wọ inú kóòtù, ṣùgbọ́n ẹnu agbẹjọ́rò ni ó gbà wọlé, kì í ṣe ẹnu opó.

Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Calcutta. Adájọ́ mẹ́ta gbọ́ ọ; ogun àgbáyé kejì sé Costello mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ibẹ̀ ni ó sì ti fi ìdájọ́ tirẹ̀ ránṣẹ́. Òun àti Biswas gba ohun tí Basu sọ, Lodge kò gbà. Ó wá ku Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní òpin oṣù Agẹmọ 1946, wọ́n da ẹ̀bẹ̀ Bibhabati nù. Ìdí tí wọ́n fi dà á nù yẹ fún àkíyèsí: wọ́n ní bí kóòtù méjì bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àwọn kì í tú u wò mọ́ àfi bí ohun tí ó ṣàjèjì bá wà níbẹ̀. Ìlànà yìí ni wọ́n fi ń rántí ẹjọ́ náà láàrin àwọn amòfin, títí kan ti ilẹ̀ Nàìjíríà. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó wo ọkùnrin náà lójú ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó ní òun ni. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ yìí ni òun fúnra rẹ̀ kú.

Ilé-ẹjọ́ kan náà ni ọ̀rọ̀ Ọba Èṣùgbàyí Elékò ti Èkó dé. Ní 1925 ìjọba amúnisìn ní àwọn kò kà á sí ọba mọ́, wọ́n lé e kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ibikúnlé Akítóyè jọba, lẹ́yìn rẹ̀ Sànúsí Olúsì. Ní 1931, Lord Atkin ní Privy Council sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu gómìnà kò tó. Bí ìjọba bá ní òun ní àṣẹ láti lé ènìyàn, kóòtù gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí òfin bèèrè fún wà níbẹ̀ lóòótọ́: ṣé olóyè ni ẹni náà, ṣé wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, ṣé àṣà ìlú ní kí ó jáde nílùú? Ọba padà sí Èkó ní ọdún náà. Ìkéde Lindsay àti àṣẹ 1925 jọ ara wọn ní ti pé ìjọba ni ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ẹ̀rí. Ìyàtọ̀ wọn kò kéré. Kò sí ará Èkó tí ó ṣiyè méjì pé Èṣùgbàyí ni Èṣùgbàyí. Oyè ni àríyànjiyàn wà lé. Ní Bhawal, ara gan-an ni.

Ara yìí ni ó sì mú mi padà sí fíìmù. Jisshu Sengupta ni ó ṣe Kumar, Jisshu Sengupta náà ni ó ṣe sannyasi. Uttam Kumar ti ṣe ohun kan náà nínú Sanyasi Raja ní 1975. Bí sannyasi bá ti gbójú sókè nínú eérú, olùwòran ti mọ ojú náà. Ó ti rí i lórí ẹṣin ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ẹlẹ́rìí tí ó bá ní kì í ṣe òun ń purọ́ lójú wa, Bibhabati pẹ̀lú. Ìwé tí Partha Chatterjee, òpìtàn ará Bengal, kọ lórí ẹjọ́ náà ní 2002, èyí tí fíìmù gbára lé, ní àmì ìbéèrè nínú àkọlé rẹ̀. Kò sí bí ojú òṣèré kan ṣoṣo ṣe lè gbé àmì ìbéèrè náà.

Àwọn ará Faransé ti gba ọ̀nà mìíràn. Nínú fíìmù wọn lórí Martin Guerre, tí ó jáde ní 1982, Gérard Depardieu ni ó ṣe ọkùnrin tí ó padà wá gba ilé àti ìyàwó. Nígbà tí Martin gidi dé níkẹyìn, òṣèré mìíràn ni ó wọlé. Olùwòran tí ó ti gbà Depardieu gbọ́ wá wà ní ipò tí àwọn ará abúlé wà. Ìtàn tiwọn ní ìdáhùn, ti Bhawal kò ní irú rẹ̀, nítorí náà n kò sọ pé kí Mukherji ṣe àwòkọ wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí òṣèré kan ṣe Kumar kí òmíràn sì ṣe sannyasi, kí wọ́n jọra díẹ̀ kí wọ́n má sì jọra tán, bí fọ́tò àtijọ́ ti jọ ọkùnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Adájọ́ Basu ń wò níwájú rẹ̀ ní Dhaka.