"Hate": Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré tó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín òbí àtọmọ

Ká ní ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní Mushin ń bínú nítorí pé ìyá rẹ̀ pa tẹlifíṣàn, ló bá ní, "Mummy, I hate you." Ìyá tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "Mo kórìíra yín" yóò rò pé ọmọ òun ti di ọ̀tá òun ni. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú kàn ń bí ọmọ náà lásán ni.

Lóòótọ́, "kórìíra" ni ìtumọ̀ "hate", ṣùgbọ́n ìwọ̀n àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Inú "kó ìríra" ni "kórìíra" ti jáde, ìríra kì í sì í ṣe ohun kékeré nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí kì í jẹ ewédú kì í sábà sọ pé òun kórìíra rẹ̀. Yóò ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀ ni. Àmọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo "hate" fún èèyàn, fún oúnjẹ, àti fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé òun "hate" súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba, ohun tó ń sọ kò ju pé ó ti sú òun lọ.

Pípè rẹ̀ tún ń dààmú ọ̀pọ̀ nínú wa. Èdè Yorùbá ní "h", ó wà nínú "ahọ́n" àti "ihò", síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹnu máa ń fò ó bí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá fò ó nínú "hate", "eight" tó túmọ̀ sí mẹ́jọ lẹ pè yẹn. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, kí ẹ mí jáde bí ẹni tó fẹ́ nu dígí, kí ẹ wá pe ọ̀rọ̀ náà. Bí èémí bá kan ọwọ́ yín, ẹ ti gbà á.

Ọ̀nà tí à ń gbà lò ó náà ṣe pàtàkì. "I hate" là ń sọ, "she hates" ni ti ẹlòmíràn, "hated" sì ni ti àná. "She is hating me" tí a máa ń gbọ́ ládùúgbò kò bá òfin èdè náà mu. Ẹ lè sọ pé "I hate waiting" tàbí "I hate to wait". Méjèèjì ló tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹ̀fẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò. Àjọ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, tí olú iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà sì wà ní Yábàá, máa ń dán ìmọ̀ àwọn ọmọ wò nípa bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá tún sọ ọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ na ọwọ́ sí pàṣán. Ẹ bi í léèrè ohun tó dùn ún, kí ẹ sì kọ́ ọ pé "I don't like it" tó fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.