Fífi Iyèméjì Hàn Nínú Dátà Ayélujára Onítumọ̀: Ọdún Ìbí Àjàyí Crowther Gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Bí òpìtàn bá kọ ọ́ pé 'nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther', 'nǹkan bí' kì í ṣe àfikún lásán. A kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ọjọ́ orí tí wọ́n rò pé ó tó nígbà náà ni a fi ṣírò sẹ́yìn. Bí 'nǹkan bí' yìí ṣe ń sọnù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ inú kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Ayélujára onítumọ̀ ni èyí tí a to dátà rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè lóye ohun tí ó wà níbẹ̀. RDF ni ìlànà tí àjọ W3C fi òǹtẹ̀ lù fún un ní 1999. Gbólóhùn onípò mẹ́ta nìkan ni ó gbà: olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀. Crowther ni olùwà, 'ọdún ìbí' dúró bí ọ̀rọ̀-ìṣe, 1809 ni àbọ̀. Kò sí àyè fún 'bóyá'.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ gírámà. Nínú gbólóhùn asọdorúkọ, a ń fi 'pé' sọ odidi gbólóhùn di ọ̀rọ̀-orúkọ kí a lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: 'Pé 1809 ni wọ́n bí i kò dájú.' Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni RDF ṣe lè fún gbólóhùn ní orúkọ tirẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin mìíràn ni yóò sọ pé gbólóhùn ni, tí yóò sì tọ́ka sí olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀; lẹ́yìn náà ni a óò so ẹni tí ó sọ ọ́ àti bí ó ti dájú tó mọ́ orúkọ náà. Ó gùn, ó sì ń sú ni. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ọn pé ṣíṣàpèjúwe gbólóhùn báyìí kò fi hàn pé a gbà á bí òótọ́: ẹni tí ó ní 'wọ́n ní òjò rọ̀ ní Ìbàdàn' kò tíì sọ pé òjò rọ̀. Àwọn mìíràn a máa fi nọ́ńbà bí 0.7 díwọ̀n ìdánilójú. Ní tèmi, nọ́ńbà tí kò sọ ibi tí ó ti wá kò sàn ju 'wọ́n ní' lọ.

Wikidata, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ń lo irú ọgbọ́n yìí. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, a sì lè so 'nǹkan bí' àti orísun mọ́ ọn. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọ̀nà àbùjá wà láti béèrè dátà: ọdún nìkan ni ẹni tí ó gbà á yóò rí, 'nǹkan bí' àti orísun kì í bá a wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì da irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀ kò ní mọ̀ pé òpìtàn ṣiyèméjì rí.