Efínrín inú ìkòkò: ewé ọbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

Nígbà òjò, ewé ọbẹ̀ kì í wọ́n wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé a gbẹ lóko, a sì wọ́n lọ́jà. Ní agbègbè Kétu, omi jìn nínú ilẹ̀. Ta ni yóò máa gbé omi lọ sóko ẹ̀fọ́ nígbà tí omi mímu kò tó?

Ohun kan wà tí a lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí á gbin efínrín sínú ìkòkò méjì tàbí mẹ́ta nínú àgbàlá. Omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí tí a fi fọ ìrẹsì, a lè dà á sí i. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, efínrín lè wà ju ọdún kan lọ.

1. Ohun tí a ó gbìn ín sí
Ìkòkò tó ti sán, abọ́ tó ń jò, tàbí bídọ̀n òróró tí a gé lórí, gbogbo wọn ló dára. Ẹ lu ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ìdí rẹ̀. Bí omi kò bá rí ọ̀nà jáde, gbòǹgbò yóò rà.

Ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má ṣe lo bídọ̀n oògùn òwú tàbí ti oògùn kòkòrò láéláé. Bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ títí, májèlé lè kù nínú rẹ̀. Ewé tí a ó jẹ ni à ń gbìn.

2. Ilẹ̀
Ẹ kó àpáàdì wẹ́wẹ́ lé orí ihò. Ẹ po ilẹ̀ dúdú abọ́ méjì mọ́ ìgbẹ́ ẹran abọ́ kan. Kí ìgbẹ́ náà ti jẹrà dáadáa, nítorí ìgbẹ́ tútù a máa pa ohun ọ̀gbìn.

3. Gbígbìn
Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì rì í sínú ilẹ̀. Ẹ gbé e sí ibòòji fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ewé tuntun bá yọ, ẹ gbé e sí oòrùn, níbi tí adìẹ kò ti ní tú u.

4. Omi
Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má ṣe da omi ọṣẹ sí i. Bí ẹ bá gbé àwo sí abẹ́ ìkòkò, ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù lójoojúmọ́. Ẹ̀fọn a máa yé ẹyin sínú omi tó dúró sójú kan, ẹ̀fọn sì ń kó àìsàn ran ọmọ wa.

5. Jíjá ewé
Bí ó bá ga dé orúnkún, ẹ máa gé orí ẹ̀ka rẹ̀. Yóò tún yọ ẹ̀ka púpọ̀. Ẹ má ṣe já gbogbo ewé rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Bí òdòdó bá yọ, ẹ já a kúrò kí ewé lè máa pọ̀ sí i. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún irúgbìn.

Ẹ jẹ́ kí á jíròrò
Èló ni à ń ná sórí ewé ọbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Kí ni à ń fi bídọ̀n oògùn ṣe nínú ilé wa?